Obì Ara Ògiri

Gbóyèga fi sẹlotéèpù lẹ obì ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe láyé ìsinsìnyí. Orúkọ oníṣẹ́ ọnà tó tà á fún un bí iṣẹ́ ọnà wà lábẹ́ rẹ̀. Kòkòrò sì ti ń jẹ ẹ́. Bí àlejò bá wọlé, á wo obì náà, á ní, "Mo ti jẹ ẹ́ o," á sì jókòó.

Ó ń rí Ìyá Àṣàbí, ìyá Gbóyèga, lára.

"Ṣé ojú ni wọ́n fi ń jẹ obì ni?"

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Owó ilé méjì nìyẹn."

Màmá pòṣé. Ó já obì náà kúrò lára ògiri, ó pa á, ó ní, "Obì ni í bi ikú, obì ni í bi àrùn." Ó ju awẹ́ kan sẹ́nu.

Gbóyèga sáré gbé àwo sábẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀. "Ẹ má gbé e mì! Ẹ tu ú síbí, Màmá. Èyí tẹ́ ẹ ti jẹ lẹ́nu á tún wọ́n jùyẹn lọ!" Àwọn àlejò tó jókòó níbẹ̀ ti ń yọ fóònù láti dá iye lé e.

Màmá wo àwo náà, ó gbé obì mì, ó sì gbé ọmọ mọ́ra.

"Ọmọ tuntun, o ò ní jọ bàbá ẹ."

Ìyàwó Gbóyèga nìkan ló ṣe àmín.