Èékánná Àlejò

Inú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ tábìlì Agathe lọ́jà ni èékánná àlejò náà wà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti okùn tó fi ń rán ẹnu àpò àgbàdo. Ó ti wé e pọ̀ mọ́ irun orí àlejò náà nínú aṣọ funfun. Ẹni tó bá kú sí ilẹ̀ onílẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ làwọn ará ilé rẹ̀ á gbé lọ sin sílé. Gbogbo Idigny ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti àlejò yìí ni kò tíì rí ẹni wá gbé e.

Ọjọ́ ìbò ló kú. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì kọlu ara wọn níwájú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò. Wọ́n dáná sun alùpùpù rẹ̀, ìwé rẹ̀ jóná mọ́ ọn. Ẹnì kan sì la ọmọ odó mọ́ ọn lójú. Àwọn ẹgbẹ́ tó pè é wá láti ìlú ńlá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan òkú. Agathe gbé omi àti ọṣẹ, ó lọ wẹ̀ ẹ́. Ó gé èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á. Àwọn ènìyàn ní opó yìí mà láàánú o. Ó gé èyí tó kàn. Láti àná ni kò ti rí ọmọ odó ilé rẹ̀, láti àná náà sì ni Bienvenu, ọmọ rẹ̀, ò ti lè wò ó lójú.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá mú Bienvenu.

Ọkùnrin méjì kọ́kọ́ wá láti ẹgbẹ́ kejì, àwọn alátakò ẹgbẹ́ Bienvenu. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n òkú làwọn, àwọn wá gba ẹrù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Èékánná mélòó ló wà níbẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó sanra rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìka ènìyàn ju ogún lọ ni, Màmá?"

"Ẹ máa lọ. Òkú tẹ́ ẹ máa gbé kiri ìpolongo lẹ̀ ń wá. Ará ilé rẹ̀ lèmi ń wá."

Huguette tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mi orí. "O ò bá gbé e fún wọn kó o sinmi. O ti ń bá agolo sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Láàárọ̀ yìí, o kí i kó o tó kí mi."

Cyriaque, aṣáájú ẹgbẹ́ tiwọn, náà wá. "Ti àwọn ọ̀tá wa ni adájọ́ tó máa gbọ́ ẹjọ́ ọmọ yín, Ìyá Bienvenu. Kùtọ̀nú ló ti wá, kò gbọ́ èdè wa, wọ́n ti kọ ìdájọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ sáà sọ pé ẹ̀yin àti ọmọ yín jọ lọ ra àgbàdo ní Adakplamè lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ ò ní rí i níta mọ́ títí tẹ́ ẹ máa fi kú."

Adájọ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti hu ewú. Faransé ló ń sọ, ògbufọ̀ ló ń túmọ̀. Ó ka ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ nípa òkú sókè. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ nípa ẹsẹ̀ òkú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó sì kà á lọ. Wọ́n wá pe Agathe.

"Adájọ́ ní ṣé ẹ̀yin lẹ wẹ òkú náà," ni ògbufọ̀ wí.

"Èmi ni."

"Ó ní kí lẹ fi irun àti èékánná rẹ̀ ṣe."

Àwọn èrò kùn. Agathe rò pé pańpẹ́ ni. "Ó wà lọ́dọ̀ mi. Mò ń retí àwọn ará ilé rẹ̀."

Ògbufọ̀ ò tíì la ẹnu, adájọ́ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó ní ọmọ yín ńkọ́? Níbo ló wà lọ́jọ́ náà?"

Agathe wo Bienvenu. Ọrùn rẹ̀ ti rù. "Adakplamè la jọ wà. Àgbàdo la lọ rà."

Adájọ́ kọ ìyẹn náà. Ó wò ó pẹ́.

"Ó ní ọmọ mélòó lẹ bí."

"Òun nìkan."

Adájọ́ pa fáìlì dé.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ló dá ẹjọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ Bienvenu nínú rẹ̀, ọmọ odó kankan ò sì sí níwájú òun. Òun ò lè tìtorí ìfura sọ ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n. Kó máa lọ sílé. Cyriaque tó ti ń bú u látọjọ́ yìí ní adájọ́ tòótọ́ rèé. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ní wọ́n ti fi owó rà á, wọ́n sọ òkúta mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi wọ títì.

Lọ́jọ́ ọjà kejì, Agathe ń rán ẹnu àpò lọ́wọ́. Bienvenu ń to àpò lẹ́yìn rẹ̀, ó ń súfèé. Ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó dúró síwájú tábìlì, ó kí i ní ohùn Kétu bí ẹni tí wọ́n bí sí Odomèta nítòsí. Ó ní òun wá gba ẹrù àlejò tó kú lọ́jọ́ ìbò.

Agathe ò gbé orí sókè. "Èékánná mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mọ́kàndínlógún," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ mi ló gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà, ẹ̀yìn mi ni mo gbé e sí."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Agathe. Ó fa agolo jáde. Kò lè gbé orí sókè, nítorí Bienvenu ṣì ń súfèé lẹ́yìn rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ funfun náà fún un, ó ní kó má bínú. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ojú sókè wo bàbá òkú, ó sì rí i pé adájọ́ náà ni.