Omi Tí Wọ́n Pọn fún Àlejò

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà yẹn sì gbé e mì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ní abúlé Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láṣebìkan. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó odò, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àbùkù kan péré ló ní: kò lè gbà láé pé òun ṣe àṣìṣe. Bí ẹlòmíràn bá ṣẹ̀, ohùn rẹ̀ a ròkè. Bí òun bá ṣẹ̀, a wá àwáwí.

Òfin odò wọn kò le rárá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọ ohunkóhun lókè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Lọ́rọọrún ni wọ́n sì ń fún odò náà nísinmi, ẹnì kankan kì í pọnmi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Ìyá Rúùtù, opó arúgbó kan, fọ irú níbi tí kò yẹ, Láṣebìkan bá a wí lójú gbogbo ayé, ó sì ní kó gbá ọ̀nà odò fún ọjọ́ méje. Ìyá arúgbó ń gbálẹ̀, ẹ̀yìn ń ro ó, Láṣebìkan dúró tì í, ó ń nawọ́ sí ewé tó ṣẹ́kù.

Ó wá di ọjọ́ ìsinmi odò kan. Láti ìdájí ni Láṣebìkan ti ń fín oògùn sí koríko oko rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀rọ ìfín-oògùn tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ti ń dùn ún léjìká, ìsàlẹ̀ odò sì jìnnà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò pọnmi lónìí, pé kó tó di ọ̀la, omi á ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Bó ṣe fọ ẹ̀rọ náà sódò nìyẹn, lókè ibi ìpọnmi gan-an. Ó délé, ó wẹ̀, ó wọ dàńṣíkí tuntun, ó gba gbọ̀ngán ilé-ìwé lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mopélọ́lá ló mú fíìmù wá láti ìlú ní ọ̀sán ọjọ́ náà, fíìmù nípa bí a ṣe ń dáàbò bo omi. Wọ́n fi tapólì bo fèrèsé kí inú gbọ̀ngán lè ṣókùnkùn. Ìṣe rẹ̀ ni pé bí fíìmù bá dé ibi kan, a dá a dúró kí àwọn ará abúlé sọ tẹnu wọn. Iwájú pátápátá ni Láṣebìkan jókòó sí. Wọ́n rí abúlé mìíràn nínú fíìmù, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fọ ẹ̀rọ ìfín sódò. Ẹja léfòó, ewúrẹ́ kú, wọ́n ń gbé àwọn ọmọdé lọ sílé ìwòsàn. Láṣebìkan fọkàn balẹ̀. Tiwọn nìyẹn, odò tòun ń sinmi.

Mopélọ́lá dá fíìmù dúró, ó ní kí alága kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kó tó dìde, ìyàwó igbákejì rẹ̀ gbé korobá omi àti ife wọlé. Ó ní kí alága má bínú, àwọn wá a dé ilé láàárọ̀ láti gbàṣẹ, àwọn ò bá a, igbákejì ló ní kí àwọn lọ pọnmi nítorí àlejò. 

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ. Ṣé ó sọ ọ́? Kò sọ ọ́ o! Ó dìde, ó ṣe bí ẹni tó kọsẹ̀, ó sì ta korobá náà dànù. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Baba máa rọra. Ó mí kanlẹ̀. Obìnrin yẹn ní kò séwu, kẹ́ẹ̀gì méjì ṣì wà níbi tí àwọn ọmọge ti ń dáná, ó sì lọ bu òmíràn wá.

 Láṣebìkan ń rò ó pé bóyá oògùn náà kò pọ̀, bóyá ó ti ṣàn kọjá. Wọ́n bu ife àkọ́kọ́ fún Ìyá Rúùtù, torí òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣàdúrà fún àwọn tó pọn ọ́n, ó gbé e sẹ́nu.

“Ẹ má mu ún, Ìyá!” Láṣebìkan gbá ife náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Èmi ni mo fọ ẹ̀rọ ìfín sódò láàárọ̀. Lókè ni mo ti fọ̀ ọ́.”

 Gbogbo wọn sáré lọ síbi ìdáná. Wọ́n bá Ẹniadé, ọmọ-ọmọ Ìyá Rúùtù, nílẹ̀, ó ń bì, ó ń gbọ̀n. Alùpùpù ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọjọ́ mẹ́jọ ló sì lò níbẹ̀. Orí ló kó o yọ. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní òun gbọ́ tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngán, òun fẹ́ lọ wò ó, òun wá kọ́kọ́ bu omi mu.

Láṣebìkan fi ipò alága sílẹ̀, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Rúùtù. Ìyá ní kó dìde, òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan.

“Nígbà tí o ta korobá yẹn nù, ìwọ Láṣebìkan, kí ló dé tí o ò la ẹnu rẹ?”



Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí. Bí o bá ṣe ohun tó lè pa ẹlòmíràn lára, jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kódà bó o bá jẹ́ olórí. Má wá ọgbọ́n tí wàá fi bo àṣírí rẹ. Ojú yóò tì ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ kan kò pa ẹnì kankan rí. Bí o bá ń ṣiyèméjì nínú gbọ̀ngán, ọmọ ọlọ́mọ ti ń bu omi mu níta.