Èyí Tí Ẹ Mọ̀ àti Èyí Tí Ẹ Kò Mọ̀

Kí ènìyàn tó lọ sí Mẹ́kà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kiri. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti ayébáyé nìyẹn, Síkírù kò sì fi ilé kan sílẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Olówógbowó, ó ti dé ọ̀dọ̀ onílé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn akunlé tó ń bá wáṣẹ́. Ilé Jíbrílù ní Ìsàlẹ̀ Gángan ló fi ṣe àṣekágbá, nítorí pé ibẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń já sí jù.

Taslimah ìyàwó rẹ̀ bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣàdúrà fún un. "Ó dàbọ̀" nìkan ló sọ, ó sì wọlé.

Iṣẹ́ àjẹ́ńsì ni Síkírù ń ṣe. Bí ẹnì kan bá ń kọ́lé ní Lafiaji, tó ń wá ẹni tí yóò bá òun tẹ́ táìsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kun ọ̀dà, Síkírù ni yóò wá oníṣẹ́ fún un. Onílé yóò sanwó fún Síkírù, Síkírù yóò yọ kọ́mísọ̀n tirẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, yóò sì kó ìyókù fún oníṣẹ́. Oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá onílé sọ̀rọ̀ owó. Òfin àjẹ́ńsì nìyẹn, Síkírù ló sì ṣe é. Láti ìgbà tí Jíbrílù ti ń bá a tẹ́ táìsì, kò sí iṣẹ́ kankan tí Síkírù sọ iye tí onílé san gan-an. Ìdajì ló máa ń pè é. Nínú ìdajì náà ló tún ti ń yọ kọ́mísọ̀n.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún rárá, àfi lọ́jọ́ tó bá Jíbrílù pàdé ní mọ́ṣáláṣí, tó rí i tó jókòó sórí àga kírun. Orúnkún ni ẹni tó ń tẹ́ táìsì fi ń jẹun. Ti Jíbrílù ti wú, kò ṣeé kúnlẹ̀ mọ́, kò sì rówó tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni lèmọ́mù ṣe wáàsí pé ẹni tó bá rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ, Ọlọ́run kò ní forí jì í àfi tí ẹni tó ṣẹ̀ bá kọ́kọ́ forí jì í. Oorun dá lójú Síkírù láti ọjọ́ náà. Ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Kó sì jẹ́wọ́ fún Jíbrílù, kò lè jẹ́wọ́. Tí oníṣẹ́ kan bá gbọ́, gbogbo wọn gbọ́ nìyẹn, àjẹ́ńsì sì di àwátì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kéde pé òun ń lọ sí Mẹ́kà.

Ó bá Jíbrílù lórí bẹ́ńṣì nínú àgbàlá, tí Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀.

"Àlàájì wa!" Jíbrílù kígbe. "Wá jókòó."

"Kò tíì yá, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ó ti yá. Ṣé ẹni tó ti dẹrù ni kò tíì yá?" Jíbrílù nawọ́ sí báàgì náà láti gbé e kúrò lójú ọ̀nà, àfi bó ṣe yára sọ ọ́ kalẹ̀. "Háà! Kí lo dì síbẹ̀? Òfìfo ni wọ́n ń gbé lọ. Ìgbà àbọ̀ ni báàgì ń wúwo."

"Nǹkan jíjẹ, nǹkan mímu ni."

Síkírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Èyí tí ẹ mọ̀ àti èyí tí ẹ kò mọ̀."

Hàwáwù dá aṣọ ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Èwo ni èyí tá ò mọ̀? Ọ̀gá Síkírù, owó iṣẹ́ Lafiaji tó kọjá yẹn, ọkàn mi ò gbà á. Ilé ńlá bẹ́ẹ̀ yẹn..."

"Hàwáwù!" Jíbrílù gbójú mọ́ ọn. "A kì í bi alálàájì léèrè ohun tó ṣe. Ó ti tọrọ, ó parí."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́," ni Hàwáwù ń ráhùn, ó sì ki aṣọ bọ omi padà.

Síkírù kò gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ká ní Hàwáwù tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i ni, ì bá jẹ́wọ́. Hàwáwù ò tún bi í.

"Mo forí jì ọ́ láyé, mo forí jì ọ́ lọ́run," ni Jíbrílù wí. "Dìde. Tí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni ì bá mọ̀ mí ní Lafiaji?"

Síkírù dìde. Ó rò pé ara òun máa fúyẹ́, ṣùgbọ́n ojú ló ń tì í.

Jíbrílù yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́rùn. "Bá mi fi èyí kan ara Káábà. Tó o bá dé Àràfá, dárúkọ mi, Jíbrílù ọmọ Ràmátù. Sọ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n tún forí kanlẹ̀ kí n tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́."

"Màá dárúkọ yín." Síkírù kò ṣí báàgì náà. Àpò ṣòkòtò ló ki tẹ̀sùbáà bọ̀.

"Jẹ́ ká sìn ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn alálàájì."

"Rárá o, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ro ti ẹsẹ̀ yín."

Jíbrílù ń ṣàdúrà lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ní èbúté, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ìkòròdú ni Síkírù wọ̀, níbi tó ti háyà yàrá kan tí yóò fara pamọ́ sí títí àwọn alálàájì yóò fi dé. Nígbà tó jókòó tán, ó ṣí báàgì, ó sì rọra fi tẹ̀sùbáà Jíbrílù sáàárín dàbínù àti kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù tó ti rà sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, èyí tí yóò pín fún Jíbrílù àti àwọn yòókù nígbà tó bá ti Mẹ́kà dé.