Èèpo Tó Di Epo

"Ẹ má ṣí i o, sà." Opó náà fi ọwọ́ dá ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń fún omi ọsàn dúró. "Bí afẹ́fẹ́ bá wọnú àgbá gbígbóná yìí, èèpo inú rẹ̀ á jó di eérú lásán."

"Àṣé ọbẹ̀ èèpo lẹ ń sè, Màmá. Àwọn aládùúgbò ní òórùn rẹ̀ ń dà wọ́n láàmú. Bí kò bá wúlò, ẹ ò ní kó èèpo wa mọ́."

Opó náà tọ́ka sí páìpù méjì tó yọ lára àgbá náà. Ọkọ rẹ̀ ló jó irin àgbá náà pọ̀ kí ó tó kú. Gáàsì tó ń tinú rẹ̀ jáde ló fi ń yan búrẹ́dì tó ń tà bọ́ ọmọ. Ó ṣáná sẹ́nu páìpù kan. Iná búlúù yọ, kò rú èéfín. Ní ẹnu páìpù kejì, epo dúdú ń kán sínú ìgò.

Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn epo náà.

"Inú èèpo ọsàn nìyí ti jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Olóògbé ọkọ mi ló ṣe é."

"Ọkọ yín gbọ́n gan-an. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sin ọkùnrin náà, kò sẹ́ni tó yìn ín rí. "Ṣé kí n ṣì máa wá kó èèpo yín, sà?"

"Rárá, Màmá. Ohun tó bá ti lè di epo kì í ṣe èèpo mọ́. Àwa náà á máa se tiwa."

Awakọ̀ ọ̀gá náà ti ń kó àwọn àpò èèpo tí opó náà ti kó wá sílé padà sínú ọkọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn wúwo jù ú lọ, opó náà sì bá a gbé e.