Ẹ Di Ojú Yín

"Ẹ bọ́ bàtà yín o! Ilẹ̀ àdúrà la wà."

Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì bọ́ tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo àwọn aránṣọ ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ǹtì tútù nínú yàrá iṣẹ́ wọn.

Ìyá Oníkọ́là, obìnrin tó ń rán ọrùn ẹ̀wù, jókòó síwájú.

Ẹ̀rọ tún ti gé ìka ẹnì kan, ọ̀gá iléeṣẹ́ ò sì wí nǹkan kan. Ṣé kí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ ni?

"Ẹ di ojú yín bí a ṣe ń ṣe nílé ìjọsìn," ni Alága wí. "Ẹni tó bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, kó na ọwọ́ sókè. Èmi nìkan ni màá rí yín."

Iléeṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ti lé ọkọ Ìyá Oníkọ́là torí pé ó la ẹnu sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ta ni yóò parọ́ nídìí àdúrà, tí yóò fi Ọlọ́run ṣeré?

Bó bá le, kó le. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbé orin! Ẹ gbóhùn sókè!"

Láàárín orin, ó ń gbọ́ nǹkan kan.

Ko-ko-kà.

Bàtà ni.

Ṣebí gbogbo wọn ló bọ́ bàtà?

Ó rọra la ojú kan.

Ọ̀gá ló dúró ti Alága, ó ń fi fóònù ya àwòrán wọn. Alága ń tọ́ka sí àwọn tó wà lẹ́yìn fún un.

"Ẹ má tíì la ojú o," ni Alága wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀mí ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Àmín!"

Gbogbo yàrá tún na ọwọ́ sókè sí i.