Yàrá Ẹ̀yìn Tí Wọn Kò Sanwó Fún

Ẹ̀yin tí ojú yín máa ń tàn bí ẹ bá ti gbọ́ "ẹ̀dínwó", ẹ fara balẹ̀ ka èyí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìdajì rẹ̀ pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ìyókù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

1.
Aṣekọ́kọ́rọ́ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Ṣíṣí, torí kò sí ilẹ̀kùn tó lè yájú sí i. Ṣùgbọ́n bó bá dé ilé tirẹ̀, kì í ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀kùn, kó-kó, kó, yóò sì pe ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ: "Abẹ́rẹ́ mi!" Aránṣọ á ju aṣọ sílẹ̀, á sáré wá ṣí i. Ó fẹ́ràn kíkàn yẹn ju ẹ̀bùn lọ.

Àléébù ọkùnrin yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ahun ni, ó sì tún fẹ́ gbádùn. "Ohun tí ọwọ́ mi bá lè ṣí, kí ni mo fẹ́ sanwó rẹ̀ fún?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

2.
Aránṣọ bẹ̀bẹ̀ títí pé kí àwọn náà lọ sinmi létí òkun. Ọ̀gá Ṣíṣí wá erékùṣù kan lórí fóònù, ilé tó pọ́ọ́kú jù níbẹ̀ ló mú, ó sì tún dúnàádúrà lé e lórí.

Ẹ wá wo ìgbádùn! Ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn ń jò, àpótí aránṣọ mu omi òkun yó. Fáànù yàrá wọn kì í yí àfi kéèyàn fi igi tì í. Òrùlé ń jò sórí ibùsùn, omi ẹ̀rọ sì níyọ̀.

"Olówó orí mi, ṣé ìsinmi nìyí àbí ìyà?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ilé náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan níparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ohun tó jẹ́ kí ilé yìí pọ́ọ́kú nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Yàrá yẹn kò sí nínú ohun tí ẹ sanwó fún. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Tó bá ti padé, ó ti ti ara rẹ̀ pa nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ kíkàn níbẹ̀, ẹ má dáhùn."

Nígbà tí ìyá yẹn kúrò níbẹ̀, Ọ̀gá Ṣíṣí ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀. "Yàrá tó dáa jù ni wọ́n ń fi pamọ́ fún olówó."

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí oòrùn ń mú ganrínganrín, tí ìyá arúgbó jáde lọ, Ọ̀gá Ṣíṣí kó irin iṣẹ́ rẹ̀ wá síwájú ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é," ni aránṣọ wí. "Màmá ní ká má ṣí i."

"Abẹ́rẹ́ mi, ilẹ̀kùn wo ló tó kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu?"

Irin rẹ̀ kò tíì wọlé tán tí ilẹ̀kùn fi là, bí ẹni pé ẹnìkan ń ràn án lọ́wọ́ láti inú.

Yàrá náà tutù. Wọ́n tẹ́ ibùsùn, ó funfun, ó gbẹ. Ojú ibi tí orí kan ti sùn wà lórí ìrọ̀rí, ó sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀gá Ṣíṣí wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Níta, ihò kọ́kọ́rọ́ ń dán. Nínú, gbogbo igi tó yí i ká ló ti họ. Ẹni tó mọṣẹ́ bíi tirẹ̀ mọ̀ dájú pé inú ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti jáde. Ó rí i, ṣùgbọ́n ìgbéraga ti bò ó lójú. "Ẹni tó ṣe báyìí kò mọṣẹ́ rárá!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó lọ nà gbalaja sórí ibùsùn.

Ẹsẹ̀ aránṣọ kọ̀, kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Ibi tó dúró sí ni ilẹ̀kùn ti padé mọ́ ọn lójú. Ó pè, ó pè, ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

Ìgbà tó yá, ilẹ̀kùn là. Ọkọ rẹ̀ jáde tòun ti irin iṣẹ́ rẹ̀, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹ̀kán òógùn kan kò sí lára rẹ̀ mọ́.

"Ìyàwó mi," ló wí, "jẹ́ ká máa lọ sílé."

Aránṣọ dì mọ́ ọn, ó ń sunkún ayọ̀.

4.
Ìyá arúgbó pàdé wọn bí wọ́n ṣe ń kẹ́rù jáde. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi aránṣọ pé, "Ṣé ẹni tó wọlé náà ló jáde?"

Aránṣọ rò pé ìyá ti ń ṣarán. Àfi bó ṣe gbọ́ ọ láti ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀: kó-kó, kó. Ohùn kan sì tẹ̀lé e, ó jìnnà réré. "Abẹ́rẹ́ mi!"

Ó yíjú. Ọkọ rẹ̀ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni ọkùnrin náà wí.

Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, bí ọkọ yín bá dúró tì yín, ṣé ẹ ó lọ wá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Aránṣọ tẹ̀lé e. Nínú ọkọ̀, ọkùnrin náà kó gbogbo irin iṣẹ́ dà sínú òkun, ó ní òun kò ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́.

5.
Nígbà tí wọ́n délé, ọkùnrin náà kàn dúró síwájú ilẹ̀kùn. Kò kàn án, kò pe ẹnikẹ́ni. Aránṣọ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ohun tí kò rí rí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ìwọ ta ni?" Aránṣọ figbe ta. "Ọkọ mi dà?"

Ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré padà sí erékùṣù náà. Àwọn aṣekọ́kọ́rọ́ tó kó lọ gbìyànjú títí, ó sú wọn. Àáké kò ran ilẹ̀kùn náà. Títí di òní, ibẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Bí ó bá gbọ́ kó-kó, kó, á fẹnu mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́: "Mo wà níbí, olówó orí mi." Ẹnì kan ṣoṣo tó lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn ló wà nínú rẹ̀, tó ń fi èékánná họ igi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, pé ọwọ́ yín lè ṣí nǹkan kò sọ ọ́ di tiyín. Ohun tí ẹ kò sanwó fún, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ má ṣí i, ẹ dákun, ẹ má ṣí i. Àwọn àgbà ti wí i: ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá, yóò rí ìríkúrìí.