Ìwé Àṣẹ Yẹmísí

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé àṣẹ rẹ̀ máa parí, Yẹmísí ki ìka bọ ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ọdún méjìlá ló ti ń họ ọ̀dà àtijọ́ tó ní òjé, tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kúrò lára ògiri àwọn ilé ní Ṣakí. Òun nìkan ló kù tí òfin gbà láàyè láti ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ náà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iná pupa tàn.

Bàbá Ládiípọ̀, akọ̀wé ibẹ̀, bọ́ awò ojú. "Yẹmísí, òjé ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Mi ò lè fún ọ níwèé mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, yàrá ọmọ mi ló kàn tí mo máa họ lọ́la. Ọdún kẹta rèé tá a ti wà lórí ìlà."

"Ta ni yóò wá ṣe é?" Bàbá Ládiípọ̀ bi í.

Ẹni tó bá họ ọ̀dà láìní ìwé àṣẹ, ìjọba á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó fa bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ó fi dé àárín yàrá. Kò síbi tó tún lè gbé e sí.